Ọ́ìlì bíréèkì wo ló yẹ mọ́tò tó ń lọ sáré lórí tíráàkì?

TáyàTuntun
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo gbé mọ́tò mi lọ sí tíráàkì fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mọ́tò tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ náà ni, mi ò yí nǹkan kan padà lára ẹ̀ àfi táyà. Ìyípo mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn, bíréèkì ń mú dáadáa. Ó wá di ìyípo karùn-ún, mò ń bọ̀ láti ibi tó gùn gbọọrọ jù, mo tẹ bíréèkì, pẹ́dàlì kàn rì wọlé bíi pé mo tẹ tìmùtìmù. Àyà mi já. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mú díẹ̀, yanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́nà ló gbà mí dúró. Nǹkan kan ò ṣe mí, mọ́tò náà ò fara pa. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan tí gbogbo ẹ̀ tutù, pẹ́dàlì tún le padà, ṣùgbọ́n kò le tó ti àárọ̀. Wọ́n ní ọ́ìlì bíréèkì mi ló hó. Mo wá fẹ́ ra òmíràn, mo rí DOT 3, DOT 4, DOT 5, DOT 5.1, mo tún rí èyí tí wọ́n kọ racing sí lára, orí mi dàrú. Èwo ni kí n rà? Ṣé bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ló ṣe dára tó ni? Mo fẹ́ padà lọ lóṣù tó ń bọ̀.

Àgbà_Sípánà
Àbúrò, a dúpẹ́ pé yanrìn ló gbà ẹ́ tí kì í ṣe ògiri. Ọ́ìlì ẹ hó lóòótọ́, ohun tí o ṣàlàyé yẹn ò ní orúkọ méjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Tí o bá tẹ pẹ́dàlì, ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ ẹ lọ bá kálípà, ìyẹn irin tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì nídìí táyà, torí pé nǹkan olómi kì í gbà kí èèyàn fún un pọ̀. Àmọ́ tó bá ti hó, oru ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn, oru sì ń gbà kéèyàn fún un pọ̀ gan-an, torí náà gbogbo agbára ẹsẹ̀ ẹ á kàn parí sórí oru yẹn, kò ní dé ọ̀dọ̀ páàdì. Tó bá tutù, oru á padà di omi, pẹ́dàlì á le padà, mẹkáníìkì tó bá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì á ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ìdí tó fi hó ló ṣe pàtàkì jù. DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1, látinú kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní glycol ni gbogbo wọn ti wá, glycol sì máa ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́. Omi yẹn ń gba ara rọ́bà họ́ọ̀sì wọlé, ó ń gba ojú ìdérí ike tí ọ́ìlì wà nínú ẹ̀ wọlé, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, bí mọ́tò ò tiẹ̀ rìn. Bí omi bá ṣe ń pọ̀ nínú ẹ̀ ni ooru tó máa fi hó ń wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nọ́ńbà méjì lo máa rí lẹ́yìn ìgò, dry àti wet. Dry ni ti ọ́ìlì tuntun. Wet ni ti èyí tí omi inú ẹ̀ ti tó 3.7%. DOT 3 ò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C tó bá jẹ́ tuntun, 140°C tó bá ti mu omi. DOT 4, 230 àti 155. DOT 5.1, 260 àti 180. Ìwọ̀n tó kéré jù tí òfin Amẹ́ríkà, ìyẹn FMVSS 116, fọwọ́ sí nìyẹn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń ṣe èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè tèmi ni pé: ìgbà wo lo pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn gbẹ̀yìn?

TáyàTuntun
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Láti ìgbà tí mo ti ra mọ́tò yìí, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta, mi ò pààrọ̀ ẹ̀ rí. Mo kàn máa ń wò ó pé kò wálẹ̀ nínú ike ni.

Ìyá_Mẹkáníìkì
Hẹ̀n, ọ̀rọ̀ ti yé wa. Tí ọ́ìlì bá ti pé ọdún mẹ́ta, DOT yòówù kó jẹ́, kò yẹ kó gbé ẹsẹ̀ dé tíráàkì.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti DOT 5 kí ọmọ yìí tó lọ rà á, torí mo mọ̀ pé ó máa rò pé 5 ju 4 lọ. DOT 5 kì í ṣe àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n DOT 5.1 o, orúkọ ló jọra. Silicone ni wọ́n fi ṣe DOT 5, àwọ̀ ẹ̀ máa ń jẹ́ àwọ̀ àlùkò, kò gbọdọ̀ pàdé glycol rárá. Kì í fa omi mọ́ra, òótọ́ ni, àmọ́ omi tó bá rí ọ̀nà wọlé ò ní pòórá, ó máa kóra jọ síbi tó rẹlẹ̀ jù, ibi tó sì rẹlẹ̀ jù náà ni kálípà tó ń gbóná, omi lásán yẹn á sì hó ní 100°C. Ó tún máa ń gbé afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú, pẹ́dàlì kì í le dáadáa, kò sì bá ABS mu, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há tí èèyàn bá tẹ bíréèkì lójijì. Mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n gbé pamọ́ fún ìwòran ló wà fún. Nígbà kan wọ́n gbé mọ́tò kan wá bá mi tí ẹnì kan ti da DOT 5 lé DOT 4 tó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo tú u, nǹkan kan tó rí bí èkuru tútù ló wà nínú másítà sílíńdà, ìyẹn ibi tí pẹ́dàlì ti ń ti ọ́ìlì lọ, gbogbo síìlì la pààrọ̀.

Nǹkan míì tó máa ń dùn mí: a ń pè é ní ọ́ìlì torí ohun tó wà lẹ́nu wa nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ́ìlì rárá. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì tàbí ọ́ìlì jíà kún un, kódà ẹ̀kán kan. Rọ́bà inú bíréèkì máa wú, á há, bíréèkì ò ní tú sílẹ̀ mọ́.

Gbọọrọ200
Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀ kó yé wa ìdí tí tíráàkì fi yàtọ̀ sí ojú títì. Mọ́tò tó wúwo tó 1,400 kg ń bọ̀ ní 200 km/h, ó fẹ́ já sí 80 km/h kó tó wọ kọ́nà. Agbára tí bíréèkì máa sọ di ooru nínú ìtẹ̀ ẹsẹ̀ kan yẹn tó 1.8 MJ. Ìyẹn ni pé tí o bá da omi tútù líítà márùn-ún sínú ìkòkò, ooru yẹn á mú gbogbo ẹ̀ hó, gbogbo èyí sì wáyé láàárín bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Kọ́nà kan ṣoṣo nìyẹn. Kó tó tutù, kọ́nà míì ti dé. Dísìkì àti páàdì ló ń gba ooru náà lákọ̀ọ́kọ́, páàdì á gbé e fún písítìnì inú kálípà, písítìnì á gbé e fún ọ́ìlì tó wà lẹ́yìn ẹ̀.

Lójú títì, èèyàn lè lo ọdún kan kó má tẹ bíréèkì bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti èyí tí wàá rà, àwọn tí mo ti lò rí nìyí, nọ́ńbà tó wà lára ìgò wọn ni mò ń sọ. ATE Typ 200, dry 280, wet 198. Motul RBF 600, dry 312, wet 205. Motul RBF 660, dry 325, wet 204. Ẹ wò ó dáadáa, 660 fi 13 ju 600 lọ tó bá jẹ́ tuntun, àmọ́ tí omi bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀kan náà ni wọ́n. Castrol SRF, dry ẹ̀ lé ní 300, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ sanwó ni wet ẹ̀ tó jẹ́ 270. Ìyẹn ni pé bó ti mu omi tán, ó ṣì ju DOT 5.1 tuntun tó kàn kúnjú òṣùwọ̀n lọ. Owó ẹ̀ ga o, kò sí irọ́ níbẹ̀.

KálípàPupa
Mi ò bá yín jà o ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká ti ọmọ yìí sínú ìnáwó tí kò kàn án. Ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyí. Mọ́tò ojú títì ló ń lò, páàdì ojú títì ló wà lára ẹ̀, páàdì yẹn gan-an máa ṣíwọ́ iṣẹ́ kí RBF 600 tó ronú àtihó. Ọdún méjì àkọ́kọ́ tí mo fi ń lọ tíráàkì, DOT 4 tó dáa tí mo pààrọ̀ lọ́sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ ni mò ń lò, kò já mi kulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹnì kan tí a jọ ń lọ ra èyí tó wọ́n jù, ó wá fi sínú mọ́tò fún ọdún kan ààbọ̀ torí pé ó wọ́n, kò fẹ́ dà á nù. Ìyípo kẹfà ni pẹ́dàlì ẹ̀ rì. Ọ̀tun ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe orúkọ tó wà lára ìgò.

Gbọọrọ200
O ò purọ́, mo gbà fún ẹ. Ṣùgbọ́n ohun kan ni pé ẹni tó bá ti rí i kí pẹ́dàlì rì lẹ́ẹ̀kan, ọkàn ẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́ tó bá ń bọ̀ ní ibi gbọọrọ yẹn. Ìgò RBF 600 kan tàbí méjì ò pọ̀ jù láti fi ra ìfọ̀kànbalẹ̀. SRF ni mo máa sọ pé kó fi sílẹ̀ ná, ẹni tí mọ́tò ẹ̀ wúwo tó sì yára gan-an tàbí tí kò ráyè bleed, ìyẹn kó tú ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ jáde nídìí kálípà, nígbà gbogbo ni ìyẹn wà fún.

Àgbà_Sípánà
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ òótọ́. Lójú tèmi, DOT 4 tuntun tí dry ẹ̀ ju 280 lọ ni kó lò, kó bleed ẹ̀ kó tó lọ nígbà gbogbo, kó pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ pátá ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìgò 500 ml ni kó máa rà, kó má ra èyí tó tóbi. Tí o bá ti já ìdérí ìgò, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi nìyẹn. Pípààrọ̀ gbogbo ẹ̀ máa gbà tó líítà kan nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ìgò méjì nìyẹn.

ojú_títì
Ìbéèrè kan ẹ̀yin àgbà. Tó bá jẹ́ DOT 3 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé mo lè da DOT 4 lé e?

Ìyá_Mẹkáníìkì
Wọn ò ní bara wọn jà, glycol ni gbogbo wọn, DOT 3, 4 àti 5.1. Ṣùgbọ́n tí o bá da tuntun lé ògbólógbòó, ògbólógbòó lo ṣì ń gbé kiri. Nínú ike nìkan ni tuntun yẹn máa dúró sí, èyí tó wà nínú kálípà, níbi tó ti ń gbóná, kò kúrò níbẹ̀. Tú u jáde tán pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fa èyí tó dúdú nínú ike jáde pẹ̀lú síríńjì, ẹ da tuntun sí i. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí másítà sílíńdà, ó sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀yìn, ẹ máa bọ̀ wá síbi tó sún mọ́ ọn, àmọ́ mọ́tò míì ní ètò tiẹ̀, ìwé mọ́tò ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ ki họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara bọ nípù, ìyẹn ẹnu kékeré lára kálípà tí ọ́ìlì ń gbà jáde, ẹ ti ẹnu kejì ẹ̀ bọ inú ike mìíràn tí ọ́ìlì díẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹnì kan á wà nínú mọ́tò, ẹnì kan á wà nídìí kálípà. Ẹni inú mọ́tò á tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, á ní "mo ti tẹ̀ ẹ́," á dá ẹsẹ̀ dúró síbẹ̀. Ẹni ìdí kálípà á tú nípù díẹ̀, ọ́ìlì á ṣàn, á dì í padà, ìgbà yẹn ló máa tó ní "gbé e." Tí ẹni inú mọ́tò bá gbé ẹsẹ̀ kí nípù tó dì, ó ti fa afẹ́fẹ́ wọlé nìyẹn, ẹ máa tún un ṣe. Ẹ máa wo inú họ́ọ̀sì yẹn: á kọ́kọ́ jáde ní dúdú bíi tíì tó pẹ́ lórí iná, á wá pupa díẹ̀, á wá mọ́ bí oyin tuntun. Tí kálípà bá ní nípù méjì, ti inú àti ti òde, méjèèjì lẹ máa tú. Mo máa ń fi òòlù rọ́bà gbá kálípà jẹ́jẹ́ lóòrèkóòrè, àwọn afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ á já wá sókè, ẹ máa rí wọn nínú họ́ọ̀sì, róbótó róbótó.

Nǹkan méjì tẹ́ ò gbọdọ̀ gbàgbé. Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì inú ike gbẹ láéláé, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìtẹ̀ márùn-ún márùn-ún. Èkejì, tí mọ́tò bá ti pẹ́, ẹ fi pákó kékeré kan sábẹ́ pẹ́dàlì kó má lè délẹ̀. Láti gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń lò ó, ibì kan ṣoṣo ni síìlì inú másítà sílíńdà ń rìn dé, ibi tí kò dé ti ní ìpẹtà àti ìdọ̀tí. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, ìpẹtà yẹn á ya rọ́bà ẹ̀, bíréèkì tí kò ṣe nǹkan kan lánàá á bẹ̀rẹ̀ sí í rì lónìí.

ìgò_kan
Kẹ́ ẹ má gbàgbé pé ó ń bó ọ̀dà mọ́tò o. Tó bá ta sí ara mọ́tò, omi púpọ̀ ni kẹ́ ẹ dà á lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi àkísà nù ún yíká. Bọ́nẹ́ẹ̀tì mi ò padà bọ̀ sípò.

KálípàPupa
TáyàTuntun, yọ táyà iwájú kí o wo páàdì ẹ. Kò sẹ́ni tó tíì béèrè ìyẹn. Páàdì tó ti jẹ tán máa ń gbé ooru yára lọ sí písítìnì, torí páàdì fúnra ẹ̀ ni ìdènà tó wà láàárín dísìkì àti ọ́ìlì. Tó bá ti dín sí ààbọ̀, n kì í gbé e lọ sí tíráàkì, ojú títì ni mo ń fi í rìn títí á fi tán.

Kí o sì mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Tí pẹ́dàlì bá rì, tó rọ̀, ọ́ìlì ló hó. Tí pẹ́dàlì bá le bí òkúta, tí o tẹ̀ ẹ́ tagbára tagbára tí mọ́tò ò dúró, páàdì ló gbóná kọjá ààlà. Ọ́ìlì yòówù kí o rà ò lè wo ti páàdì sàn. Họ́ọ̀sì onírin náà, ó máa ń jẹ́ kí pẹ́dàlì le, kò sọ pé kí ọ́ìlì má hó.

Àgbà_Sípánà
Ó ṣeun tí o mú un wá. Ìyípo tó gbẹ̀yìn, má tẹ bíréèkì mọ́ bí o bá ṣe lè ṣe é tó, jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Tí o bá dúró, má fa hándíbíréèkì, fi sí jíà, fi nǹkan dí táyà. Àwọn kan ti sá tán, wọ́n jáde wọ́n páàkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìgbà tí wọ́n dúró yẹn gan-an ni ọ́ìlì wọn hó, torí pé atẹ́gùn ò fẹ́ mọ́, gbogbo ooru inú dísìkì wá rọ́ lọ sínú kálípà. Wọ́n wá padà sí mọ́tò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pẹ́dàlì ti rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ABS náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì racing máa ń ki ju ti ojú títì lọ. Mọ́tò tuntun tí wọ́n bá kọ DOT 4 LV tàbí Class 6 sí lórí ìdérí, ọ́ìlì tó ṣàn dáadáa ni ABS wọn ń fẹ́, pàápàá tí òtútù bá mú. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ ni, wá èyí tó kúnjú méjèèjì. Mọ́tò míì sì wà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n á fi pàṣẹ fún ABS kí ògbólógbòó inú ẹ̀ tó jáde, tí pẹ́dàlì bá kọ̀ láti le lẹ́yìn tí o bleed tán, ibẹ̀ ni kí o lọ wò. Kílọ́ọ̀ṣì náà, tó bá ń lo ike kan náà pẹ̀lú bíréèkì, bleed òun náà.

TáyàTuntun
Mo ti dé o ẹ̀yin ará. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dúpẹ́, ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe lo àkókò yín lórí ọ̀rọ̀ mi. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni mo ṣe. Àbúrò mi ló jókòó sínú mọ́tò, èmi wà nídìí kálípà, ọ́ìlì tó kọ́kọ́ jáde ní ẹ̀yìn dúdú débi pé mo rò pé ibòmíì ni mo tú. Páàdì iwájú ẹ̀gbẹ́ òsì ti kù díẹ̀ kó kan irin. Èyí dẹ́rù bà mí ju ti ọ́ìlì lọ, torí mọ́tò yẹn ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ. Mo ra páàdì tuntun, mo mú RBF 600 ìgò méjì, mo tẹ́ pákó sábẹ́ pẹ́dàlì.

Mo lọ lánàá. Ìyípo méje nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì ń fi ìyípo kan gbáko tutù kí n tó jáde. Ní ìyípo karùn-ún, nígbà tí mo dé ibi gbọọrọ yẹn, ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ kan pẹ́dàlì díẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́ gidi, mi ò mọ̀ ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó le. Ó le bákan náà títí di ìrọ̀lẹ́.

Ó ku nǹkan bí ìlàjì ìgò kan, mo ti dé e pa dáadáa. Ṣé mo lè lò ó nígbà míì?

Ìyá_Mẹkáníìkì
Ọmọ mi, inú mi dùn. Fífi ẹsẹ̀ kan pẹ́dàlì kí o tó tẹ̀ ẹ́ yẹn, má fi sílẹ̀, ó dáa gan-an, ìgbà tí àyè ṣì wà lo máa mọ̀ tó bá fẹ́ rì.

Kọ ọjọ́ tí o já ìdérí ẹ̀ sí ara ìgò náà. Tó bá jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lo fẹ́ tún bleed, lò ó. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, má fi sí mọ́tò tó ń lọ tíráàkì. Èyí tó dúdú tí o tú jáde ńkọ́? Má dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sínú gọ́tà, rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí, gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ògbólógbòó ọ́ìlì, sọ fún wọn pé ti bíréèkì ni kí wọ́n má baà pò ó mọ́ ti ẹ́ńjìnnì.